Ẹ Bi Wá: Ṣé Onígbèsè Lè Bá Ẹlòmíràn Wí?

Ìbéèrè: Olórí akọrin ni mí. Mo rí arábìnrin kan nínú ẹgbẹ́ wa tó ń jáde láti ilé ọtí lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo sì kọ ọ́ sórí WhatsApp ẹgbẹ́ pé kò gbọdọ̀ kọrin lọ́jọ́ Ìsinmi. Ó fèsì pé Jésù ní ká má dáni lẹ́jọ́, pé ṣebí èmi náà kó èsúsú, mi ò sì dá mọ́ láti oṣù mẹ́ta. Òótọ́ ni. Ṣé mi ò lẹ́nu ọ̀rọ̀ mọ́ nìyẹn? — *Olórí akọrin, Òṣogbo*

Ìdáhùn: Ẹ ṣì lẹ́nu ọ̀rọ̀, àmọ́ kò tíì kàn yín láti sọ ọ́. Mátíù 7:1 tó fà yọ kò parí síbẹ̀. Ní ẹsẹ 5, Jésù ní kí àgàbàgebè kọ́kọ́ yọ ìtì igi ojú ara rẹ̀, nígbà náà ni yóò ríran kedere láti yọ ẹ̀rún igi ojú arákùnrin rẹ̀. Ẹ̀rún igi náà ṣì gbọ́dọ̀ jáde. Ẹni tí ìtì dí lójú ni kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án.

Èsúsú ló kàn, torí a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Ẹ san owó oṣù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Bí kò bá sí, ẹ lọ bá olórí èsúsú àti ẹni tó kàn láti kó, kí ẹ sọ iye tí ẹ jẹ, iye tí ẹ ó máa san, àti ọjọ́ tí ẹ ó bẹ̀rẹ̀. (“Mò ń gbàdúrà sí i” kì í ṣe owó.) Lẹ́yìn náà, ẹ bẹ arábìnrin náà lórí WhatsApp kan náà tí ẹ ti dójú tì í, láìfi “àmọ́” kankan kún un.

Ìgbà yẹn ni Mátíù 18:15–17 tó kàn: ẹ̀yin àti òun nìkan, bí kò bá gbọ́, ẹ mú ẹnì kan tàbí méjì, lẹ́yìn náà ni ìjọ. Àkọ́kọ́ ni ẹ fò. Àwọn mìíràn máa ń fò ó nípa gbígbé ọ̀rọ̀ lọ bá pásítọ̀ pé “ẹ bá wa fi arábìnrin yìí sádùúrà”, òfófó náà ló ṣì ń jẹ́. Ẹ má lọ bá a níwájú ọkọ rẹ̀ tàbí nígbà tí ìsìn fẹ́ bẹ̀rẹ̀. Ohun tí ojú yín rí nìkan ni kí ẹ sọ: “Arábìnrin, mo rí yín tí ẹ ń jáde láti ilé ọtí lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì.” Kí ẹ wá dákẹ́. Ó lè jẹ́ owó ọjà ló lọ gbà níbẹ̀.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ jù wà lórí àwọn ẹlẹ́rìí. Ọ̀rẹ́ tó máa gbè wọ́n lẹ́yìn ni ọ̀pọ̀ ń mú lọ. Diutarónómì 19:15 ni òfin náà ti wá, pé ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo kò tó láti dá ènìyàn lẹ́bi. Ẹni tí wọ́n fẹ̀sùn kàn ló ń dáàbò bò. Ẹni tó lè sọ fún ẹ̀yin pàápàá pé ẹ ṣì í ni kí ẹ mú.

Ìbéèrè: Pásítọ̀ wa ń fi ọ̀rọ̀ mi wàásù láìdárúkọ mi, gbogbo ìjọ sì mọ̀ pé èmi ni. — *Ìyá kan, Ìbàdàn*

Ìdáhùn: Mátíù 18 kan pásítọ̀ náà, mà. Ẹ lọ bá a láàrin ọ̀sẹ̀, ẹ̀yin nìkan, kí ẹ sọ gbólóhùn tó sọ àti ọjọ́ tó sọ ọ́. Bí kò bá gbà, 1 Tímótì 5:19 ní ẹ̀sùn tó bá kan alàgbà gbọ́dọ̀ ní ẹlẹ́rìí méjì tàbí mẹ́ta, nítorí náà ẹ wá àwọn tó gbọ́ ọ létí ara wọn. Ẹ má tíì gbé e dé Facebook.