Mo Gba Ìyàwó Oníyàwó Sílé, Wọ́n Ní Mo Jí I Gbé

Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́. Aránṣọ ni mí ní Ọ̀bà-Ilé, opó sì ni mí. Ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta báyìí tí oníbàárà mi kan ti wà lọ́dọ̀ mi pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ méjì. Òru ló kan ilẹ̀kùn mi. Ètè rẹ̀ ti ya, bàtà ẹsẹ̀ kan péré ló sì wọ̀. Mi ò bi í ní nǹkan kan, mo gbé omi kaná. Látìgbà náà ni ọkọ rẹ̀ ti ń wá a kiri, ó ń sọ pé ẹnikẹ́ni tí òun bá bá ìyàwó òun lọ́wọ́ rẹ̀, ajínigbé ni. Àwọn àgbà ìjọ mi ní ẹni kẹta kì í dá sí ọ̀rọ̀ lọ́kọláya, kí n dá a padà. Ọmọ mi tó wà l'Ékòó ní kí n má kó ara mi sí wàhálà. Àwọn obìnrin mẹ́ta nínú ẹgbẹ́ wa ló sọ ohun mìíràn: wọ́n ní kí n kúkú fi yàrá méjì tó wà lẹ́yìnkùlé mi ṣe ilé ààbò fún irú àwọn obìnrin báyìí, nítorí wọ́n pọ̀ nílùú. Èyí àbúrò nínú àwọn ọmọ náà, ọmọ ọdún márùn-ún, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú báyìí, á kó gbogbo sálúbàtà wọn tó wà lẹ́nu ọ̀nà wọlé, á tì wọ́n sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Ẹnì kankan ò rán an. Ṣé mo jẹ̀bi? Kí sì ni kí n ṣe?
Èmi ni, Ìyá Aránṣọ.

Ìyá Aránṣọ, ẹ kú làálàá, ẹ sì kú ìtọ́jú ọmọ ọlọ́mọ.

Ibi sálúbàtà yẹn ni mo ti dúró nínú lẹ́tà yín, ó sì pẹ́ díẹ̀ kí n tó lè ka ìyókù. Ọmọ ọdún márùn-ún ti mọ̀ pé bí bàbá òun bá kọjá, á dá bàtà àwọn mọ̀. Ohun tí àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ ilé ààbò ti ń fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ ara wọn ni ọmọ yẹn ń ṣe lálaalẹ́, láìsí olùkọ́.

Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú èyí tó ń bà yín lẹ́rù kúrò ńlẹ̀. Ẹ ò jẹ̀bi. Ìyàwó kì í ṣe ewúrẹ́ tó já wọ oko olóko, tí olówó rẹ̀ á wá fi okùn fà lọ. Àgbàlagbà ló fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn wá sọ́dọ̀ yín, òun fúnra rẹ̀ ló sì kó ọmọ rẹ̀ dání. Ẹni tí òfin ń wá ni ẹni tó ya ètè rẹ̀. Nínú òfin tí ìjọba àpapọ̀ ṣe ní 2015 lórí ìwà ipá, ẹni tó bá lu ọkọ tàbí aya rẹ̀ lè ṣẹ̀wọ̀n tó ọdún mẹ́ta, tàbí kó san owó ìtanràn tó 200,000 náírà, wọ́n sì lè dá méjèèjì fún un pọ̀. Ìpínlẹ̀ Oǹdó ṣe òfin tirẹ̀ ní 2021, àjọ ìjọba ìpínlẹ̀ kan sì wà ní Àkúrẹ́ tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ yìí gan-an ni iṣẹ́ rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ má torí pé ẹ ò jẹ̀bi kí ẹ dákẹ́. Bí ọkùnrin yẹn bá ṣáájú yín dé tẹ́ṣàn, ọ̀rọ̀ tirẹ̀ ni wọ́n á fi bẹ̀rẹ̀ ìwé, ẹ̀yin á sì wá máa fi ìbẹ̀rù sọ tiyín. Ẹ mú obìnrin náà lọ sọ́dọ̀ àjọ yẹn lọ́la, tàbí ọ̀dọ̀ àwọn ará Wẹ́fíà, kó fi ẹnu ara rẹ̀ ròyìn. Ẹ jẹ́ kí dókítà rí ètè náà kó sì kọ ọ́ sílẹ̀, bó tilẹ̀ ti ń san. Àwọn lọ́yà obìnrin FIDA wà ní ìpínlẹ̀ yìí, wọn kì í gbowó lọ́wọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀. Wọ́n lè bá a gba àṣẹ lọ́wọ́ kóòtù pé kí ọkọ náà má sún mọ́ ọn. Nínú òfin 2015 yẹn, kò pọn dandan kó jẹ́ òun nìkan ló lè tọrọ àṣẹ bẹ́ẹ̀. Bó bá fọwọ́ sí ìwé, ọlọ́pàá, òṣìṣẹ́ Wẹ́fíà, àní olùkọ́ pàápàá lè bá a tọrọ rẹ̀.

Ó wá ku àwọn àgbà ìjọ. Wọ́n ní ẹni kẹta kì í dá sí i. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn? Yorùbá ti ń dá sí i tipẹ́. Kí là ń pè ní dálémosú? Obìnrin tí ìyà ilé ọkọ lé padà sílé bàbá rẹ̀ ni. Èébú la sọ orúkọ náà dà, àmọ́ ẹ wo ohun tó wà nínú rẹ̀. Ilé wà tó lè padà sí. Yàrá wà níbẹ̀, oúnjẹ wà, àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin sì wà lójúde tí ọkọ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ kojú kó tó rí i. Ilé ààbò náà nìyẹn. Àléébù méjì ló ní: ọkọ mọ ọ̀nà ibẹ̀, àwọn àgbà ibẹ̀ sì máa ń gbẹ̀bẹ̀. Àna wọn á dọ̀bálẹ̀, wọ́n á ní ọmọ ti wà láàárín, ó di kí obìnrin gbé ẹrù rẹ̀ lọ bá ẹni tó lù ú. Ní ayé ìsinsìnyí, bàbá ti lè kú, wọ́n ti lè fi ilé rẹ̀ háyà. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ ilé aránṣọ rẹ̀ ló sá wá lóru.

Mi ò fẹ́ bá àwọn àgbà yín wí jù, nítorí èmi náà ti ṣe é rí. Nọ́ọ̀sì ni mí tẹ́lẹ̀. Ní bí ọgbọ̀n ọdún sẹ́yìn, nílé ìwòsàn kan tí mi ò ní dárúkọ, wọ́n gbé obìnrin kan wá tí òkè ojú rẹ̀ là. Ọkọ rẹ̀ ló gbé e wá, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ní balùwẹ̀ ló ti yọ̀ ṣubú. Obìnrin náà ò sọ̀rọ̀, ojú mi ló ń wò. A rán an, mo fún un ní Panadol, mo sì ní kí wọ́n máa ṣe sùúrù fún ara wọn. Nígbà tí ọkọ jáde lọ sanwó, ó tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá kó tó padà wọlé. Mi ò bi í ní nǹkan kan ní gbogbo ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn.

Ká tiẹ̀ ní mo bi í, níbo ni mo fẹ́ ní kó lọ? Ọdún 2001 ni ẹgbẹ́ Project Alert ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí Sophia's Place l'Ékòó, òun sì ni ilé ààbò àkọ́kọ́ fún irú wọn ní Nàìjíríà.

Ìyẹn ló gbé mi dé orí yàrá méjì ẹ̀yìnkùlé yín. Irú yàrá bẹ́ẹ̀ lọ̀pọ̀ wọn fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1971, Erin Pizzey àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gba ilé kékeré kan ní Chiswick, ní Lọ́ńdọ̀nù, kí àwọn ìyálé ilé àdúgbò lè máa pàdé níbẹ̀. Obìnrin tí wọ́n lù wọlé lọ́jọ́ kan. Ó sọ fún òmíràn. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń sùn sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, torí Pizzey ní òun ò ní dá ẹnikẹ́ni padà. Nígbà tó yá wọ́n gba ilé tó tóbi jù ú lọ, ìjọba ìbílẹ̀ sì ní èèyàn 36 ni kó máa gbé ibẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá kà wọ́n, wọ́n lé ní ìlọ́po méjì. Wọ́n gbé Pizzey lọ sí kóòtù lórí iye èèyàn, ẹjọ́ náà sì dé ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ nílẹ̀ wọn. Ẹ gbọ́ o: ẹni tó gba èèyàn sílé ni wọ́n pè lẹ́jọ́.

Àwọn tó jọ yín jù ni àwọn obìnrin kan ní St. Paul, ní ìpínlẹ̀ Minnesota l'Ámẹ́ríkà. Tẹlifóònù ni wọ́n gbé kalẹ̀ láti máa fi la òfin yé àwọn obìnrin. Àwọn tó ń pè kì í fi bẹ́ẹ̀ béèrè òfin, ibi tí wọ́n máa sùn lálẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n ń béèrè. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í kó wọn sílé ara wọn, títí wọ́n fi rí ilé rà, tí wọ́n sì ṣí i ní 1974. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn obìnrin Sydney, ní Ọsirélíà, wọ inú ilé òfìfo kan, wọ́n pààrọ̀ kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, wọ́n ń jẹ́ orúkọ tí wọ́n bá lára ilé náà, Elsie. (Mi ò ní kí ẹ lọ já ilé onílé l'Ákùúrẹ́ o.) Ní Kẹ́ńyà, Rebecca Lolosoli àtàwọn obìnrin Samburu bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kò tiẹ̀ wá ilé, abúlé tiwọn ni wọ́n tẹ̀ dó ní 1990, Umoja, ọkùnrin kì í gbé ibẹ̀, ìlẹ̀kẹ̀ tí wọ́n ń sín tà fún àwọn àlejò ni wọ́n fi ń jẹun.

Kò sí ọ̀kankan nínú wọn tó dá a ṣe. Àánú ẹnì kan a máa tán, ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ ṣì lò, ẹ ti ń kọ lẹ́tà. Bó bá di obìnrin kẹrin, tí ọmọ mẹ́fà ń sunkún lóru, tí ọkọ kan dúró lẹ́nu géètì pẹ̀lú igi, ta lẹ fẹ́ pè? Níbi tí wọ́n ti ń ṣe é dáadáa, ẹnì kan kì í sùn lóru, ọlọ́pàá àdúgbò ti mọ̀ wọ́n tẹ́lẹ̀, ẹnì kan wà tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju pé kó jókòó ti àwọn ọmọ, wọ́n sì ti ń ronú ibi tí obìnrin náà máa lọ láti ọjọ́ tó ti dé. Council of Europe, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Yúróòpù, ní ó yẹ kí ààyè ìdílé kan wà nílé ààbò fún èèyàn 10,000 kọ̀ọ̀kan. Ìkànìyàn 2006 ka èèyàn tó lé ní 350,000 ní ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù Àkúrẹ́ nìkan. Ààyè ìdílé márùndínlógójì nìyẹn. Ọ̀rọ̀ ìjọba ni, kì í ṣe ti yàrá ẹ̀yìnkùlé opó.

Yàtọ̀ sí ìyẹn, ta ni ò mọ ṣọ́ọ̀bù yín l'Ọ́bà-Ilé? Oníbàárà ń wọlé láti àárọ̀ títí di alẹ́, wọ́n ń jókòó, wọ́n ń wo inú ilé. Àwọn kan wà ní Alkmaar, nílẹ̀ Netherlands, tí wọ́n ti jáwọ́ nínú fífarapamọ́. Ní 2011, wọ́n ṣí ilé ààbò tí gbogbo ìlú mọ àdírẹ́sì rẹ̀, wọ́n ń pè é ní Ilé Olómi Ọsàn. Wọ́n ní bí a bá fi obìnrin pamọ́, òun tí wọ́n lù la tún tì mọ́lé. Ọ̀rọ̀ gidi ni. Àmọ́ àwọn yẹn ní ọlọ́pàá tó ń tètè dé. Bí tiwa náà bá ń tètè dé, ẹ tún kọ̀wé sí mi.

Nítorí náà, ẹ má ṣí ilé ààbò, ẹ̀yin ẹ jẹ́ ẹnu ọ̀nà tí wọ́n á gbà dé ibẹ̀. Bí ẹnì kan bá kan ilẹ̀kùn lóru, ẹ gbà á, ẹ gbé omi kaná bí ẹ ti ṣe, kí ilẹ̀ mọ́ bá a lọ́dọ̀ yín. Ẹ̀yin àtàwọn obìnrin mẹ́ta yẹn, ẹ pín iṣẹ́: ẹni tó ní mọ́tò, ẹni tó mọ èèyàn lọ́dọ̀ àjọ, ẹni tí aṣọ ọmọdé pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ wá lọ máa kọ́ àwọn tó wà níbi tí ìjọba tàbí ìjọ ń kó wọn sí níṣẹ́ máṣíìnì. Obìnrin tí kò ní owó kankan lọ́wọ́ á padà sọ́dọ̀ ọkọ, kì í ṣe pé ó fẹ́ràn ẹ̀ṣẹ́.

Ní ti èyí tó wà lọ́dọ̀ yín báyìí, kó pa lọ́kéṣọ̀n fóònù rẹ̀, kó sì wò ó bóyá ọkọ ló ṣí àkáǹtì Google rẹ̀ fún un, torí ọ̀pọ̀ ló ń tibẹ̀ rí ìyàwó. Kó má pe ìyá ọkọ pé òun kàn fẹ́ kí màmá mọ̀ pé àwọn ọmọ wà láàyè. Àwọn ọmọ ò gbọdọ̀ padà sí iléèwé àtijọ́; Wẹ́fíà á bá yín sọ̀rọ̀ òmíràn. Bí ọkọ bá ní kí wọ́n pàdé níbì kan kí wọ́n parí ọ̀rọ̀, kó má lọ. Ìgbà tí obìnrin ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò nílé ni ewu rẹ̀ ń pọ̀ jù, kì í ṣe ìgbà tó ṣì wà níbẹ̀. Bí ọkọ náà bá wá dé ẹnu ọ̀nà yín, ẹ pe 112, nọ́ńbà pàjáwìrì, kò gbowó.

Ó sì lè ní òun ń padà lọ o. Ọ̀pọ̀ ló ń padà, lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, kí wọ́n tó kúrò pátápátá. Ẹ má bínú, ẹ má sọ pé gbogbo wàhálà yín já sófo. Ẹ sọ fún un pé ilẹ̀kùn tó kàn lóru yẹn ṣì wà níbẹ̀.

Ohun kan tó kù: kí n tó tẹ lẹ́tà yín síbí, mo yí àdúgbò yín padà, mo yí iṣẹ́ yín padà, mo sì yí iye ọ̀sẹ̀ padà. Ẹni tó bá ń wá aránṣọ l'Ọ́bà-Ilé á wá a tì. Gbogbo ohun tí mo sọ nípa ṣọ́ọ̀bù àti máṣíìnì, ẹ fi iṣẹ́ tiyín rọ́pò rẹ̀. Ti sálúbàtà nìkan ni mo fi sílẹ̀ bó ṣe wà, kí ẹ lè mọ̀ pé ẹ̀yin ni mò ń dá lóhùn.