Kí ló ń jẹ́ kí ẹ̀yìn típà máa sọ̀ kalẹ̀ fúnra rẹ̀ lẹ́yìn tí jáàkì bá ti gbé e sókè?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ má tíì ra pọ́ǹpù tuntun, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ti ọ́ìlì sínú jáàkì. Tó bá gòkè dáadáa, tó wá ń rọra sọ̀ kalẹ̀, pọ́ǹpù kọ́ ló sábà máa ń fà á. Ọ́ìlì ló ń rí ọ̀nà sá. Ẹ nu jáàkì àti ọ́ọ̀sì rẹ̀ gbẹ, kí ẹ wò ó: bí ọ́ìlì bá ń jò lára jáàkì, síìlì, ìyẹn rọ́bà tí kì í jẹ́ kí ọ́ìlì jò, ti jẹ nìyẹn. Bí gbogbo rẹ̀ bá gbẹ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ fáàfù, ìyẹn ohun tó ń ṣí ọ̀nà ọ́ìlì tó sì ń tì í, ni kò pa dé mọ́. Ìdọ̀tí inú ọ́ìlì, bí eruku ọ̀nà Ìlọrin sí Òmù-Àrán nígbà ọyẹ́, lè há sí i lẹ́nu. Ẹ má da ọ́ìlì búréèkì sí i, ó máa ń ba síìlì jẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni má wọ abẹ́ ẹ̀yìn típà tó wà lókè láìfi irin tó nípọn gbé e dúró!