Ọ̀rá dọ́síbìn tó ń há tó ń ya: ẹ lu ihò kẹ́ ẹ tó ra òmíràn

Ẹ kú iṣẹ́ ilé o, ẹ̀gbọ́n. Ìbéèrè yín ni pé ọ̀rá inú dọ́síbìn ìdáná màmá yín ṣòroó pààrọ̀. Tó bá kún, ó máa ń há, wọ́n á fà á títí, á ya, omi ìdọ̀tí á dà sílẹ̀, ìbàdí sì ń dùn wọ́n. Ẹ wá ní ṣé kẹ́ ẹ ra onípẹ́dà fún wọn, èyí tí wọ́n ń fi ẹsẹ̀ tẹ̀ kó tó ṣí. Màá dé orí ìyẹn. Àmọ́ tẹ́ ẹ bá ra tuntun láìmọ ohun tó ń fà á, owó lẹ ná, ọ̀rá á tún há.

Afẹ́fẹ́ ni. Kì í ṣe ìwúwo ìdọ̀tí, kì í sì í ṣe pé ọ̀rá yẹn ò dáa, bí àwọn tó ń tà á ṣe máa ń sọ kẹ́ ẹ lè mú èyí tó wọ́n jù. Ẹ mú sìríǹjì, ẹ fi ìka dí i lẹ́nu, kẹ́ ẹ fa ẹ̀yìn rẹ̀. Ẹ ó rí i pé ó ń fà yín padà. Bí dọ́síbìn ṣe ń ṣe nìyẹn. Tí ìdọ̀tí bá ti kún, ó ti ti ọ̀rá mọ́ ara ike yíká, kò sí ibi tí afẹ́fẹ́ máa gbà dé ìsàlẹ̀. Bẹ́ ẹ ṣe ń fà á sókè báyìí, abẹ́ rẹ̀ á ṣófo, nǹkan kan ò sì lè wọlé dí àyè yẹn, ló bá ń fa ọ̀rá mọ́lẹ̀. Ọwọ́ yín ń fà lókè, ìsàlẹ̀ ń fà nílẹ̀, ibi tó bá fẹ́lẹ́ jù láàárín ló máa já. Ìsàlẹ̀ ọ̀rá, níbi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ló sábà máa ń jẹ́, ibẹ̀ gan-an sì ni omi ata àti omi ẹja kó ara wọn jọ sí.

Afẹ́fẹ́ yìí kan náà ló ń dà yín láàmú tẹ́ ẹ bá ń fi tuntun sí i. Ẹ ti ọ̀rá wọnú, ó wú bíi fèrè tí àwọn ọmọdé ń fẹ́, kò kan ìsàlẹ̀. Ẹ fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ da èèpo iṣu lé e lórí, ìwúwo èèpo á wọ́ ọ lọ sísàlẹ̀, á sì já etí ọ̀rá kúrò lẹ́nu dọ́síbìn. Ìgbà yẹn lẹ máa wá rí omi ẹ̀fọ́ láàárín ọ̀rá àti ike.

Ihò mẹ́rin ló máa yanjú rẹ̀. Ẹ lù ú sí ara ike, ọ̀kan sí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kó fi nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 5 ga sí ìdí, kí ẹnu rẹ̀ sì tó ìwọ̀n bírò. Ẹ má lù ú sí ìdí gan-an o, nítorí ọjọ́ tí ọ̀rá bá jò, ilẹ̀ ìdáná ló máa dà sí, èèrà á sì mọ̀ kó tó di àárọ̀. Ẹ má lù ú sókè náà, ìdọ̀tí á ti ọ̀rá dí i, afẹ́fẹ́ ò ní í dé ìsàlẹ̀ tá a ń wí. Tó bá kéré jù bírò lọ, ọ̀rá á lẹ̀ mọ́ ọn, á dí. Tó bá tóbi ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa, ẹ ti ṣílẹ̀kùn fún aáyán.

Ibi tí wọ́n ti máa ń ba ike jẹ́ ni lílù ihò yìí. Ẹ má fi òòlù kan ìṣó tútù mọ́ ọn, ike tó ti gbó á sán láti ìdí dé ẹnu. Tẹ́ ẹ bá ní díríìlì, ó parí. Tẹ́ ò bá ní, ẹ mú ìṣó íńṣì mẹ́rin, ẹ fi púláyà dì í mú, ẹ fi sórí iná gáàsì títí á fi gbóná dáadáa, kẹ́ ẹ rọra tì í wọnú ike, kẹ́ ẹ máa yí i káàkiri títí ihò á fi tó. Ìta gbangba ni kẹ́ ẹ ti ṣe é, èéfín ike kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fà sí imú, ẹ má sì jẹ́ kí màmá dúró ti yín. Nígbà tí ìṣó bá wọlé láti ìta, ike tó yọ́ á rú sínú, á le bí ẹ̀gún. Tẹ́ ẹ bá fi ẹ̀gún yẹn sílẹ̀, òun gan-an ni yóò máa ya ọ̀rá lójoojúmọ́, ẹ ó sì máa bú ẹni tó ta ọ̀rá. Ẹ fi ọ̀bẹ gé e, ẹ wá fi sáńpépà yún un, kẹ́ ẹ fi ìka yín yẹ̀ ẹ́ wò. Tó bá ṣì ń gún ìka, á ya ọ̀rá. Ìṣó á tún tutù kó tó lu ihò kejì, ẹ dá a padà sórí iná, ẹ má fi agbára tì í.

Ìwọ̀n ọ̀rá ńkọ́? Ẹ má tẹ̀lé lítà tí wọ́n kọ sára páálí rẹ̀. Ike lítà 30 tó ga tó tín-ínrín, àti ike lítà 30 tó kúrú tó fẹ̀, ọ̀rá kan náà ò lè bá àwọn méjèèjì mu, ṣùgbọ́n lítà nìkan ni wọ́n máa ń kọ. Téèpù aránṣọ ni kẹ́ ẹ lò. Ẹ fi yí ẹnu dọ́síbìn ká, kẹ́ ẹ pín in sí méjì: ìyẹn ni fífẹ̀ ọ̀rá tẹ́ ẹ bá tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ. Tí ẹnu rẹ̀ bá jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 94, ìdajì rẹ̀ jẹ́ 47, ẹ ra 50. Tẹ́ ẹ bá ra 45, ẹ ó máa fi tipátipá nà án, etí rẹ̀ á ya. Tẹ́ ẹ bá ra 60, sẹ̀ǹtímítà 26 ló ṣẹ́ kù tó ń fì, inú ló máa jábọ́ sí. Ti gígùn rẹ̀, ẹ ka gíga ike, ẹ fi ìdajì fífẹ̀ ìdí rẹ̀ kún un, ẹ tún fi 12 tó máa bọ́ síta kún un. Ike tó ga ní 40, tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ ní 26, ọ̀rá 65 ló ń fẹ́.

Tó jẹ́ pé ọ̀rá tó fẹ̀ jù lẹ ti rà pọ̀ sílé, ẹ lọ sọ́dọ̀ fọkanáísà, ẹ ní kó fún yín ní tíúbù ọ̀kadà tó ti bàjẹ́. Ẹ gé e ní gígùn, kó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 2, kó gùn tó 85 fún ẹnu 94 yẹn, ẹ fi díẹ̀ sílẹ̀ fún kókó. Ẹ so ó di òrùka, ẹ fà á lé ọ̀rá lórí lábẹ́ etí ike. Kò ní í yọ̀. Rọ́bà tó dúdú yẹn ju gbogbo kílíìpù tí wọ́n ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ.

Fífi ọ̀rá sí i ò le, ẹ ti mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn kọ́kọ́ fi ẹnu ọ̀rá dé ẹnu ike bíi fìlà, kẹ́ ẹ wá ti ìdí rẹ̀ wọlé.

Àwọn tó ń ṣe fídíò á ní kẹ́ ẹ to ọ̀rá mẹ́wàá sínú ara wọn, kẹ́ ẹ máa yọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Mi ò mọ ẹni tó ń jẹ ọbẹ̀ nílé wọn. Ìwé ni wọ́n ń dà sí tiwọn. Nílé tí wọ́n ti ń fọ ẹja, tí ọ̀rá àkọ́kọ́ bá jò, gbogbo mẹ́sàn-án tó kù ti rùn, wọ́n á lẹ̀ mọ́ra, afẹ́fẹ́ á tún há sáàárín wọn. Mẹ́ta ni kó mọ, kẹ́ ẹ sì fi ọwọ́ tẹ afẹ́fẹ́ jáde láàárín wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìyókù, ẹ ká a, ẹ kì í sínú ike omi lítà 1.5 tẹ́ ẹ ti gé ìdí rẹ̀, kẹ́ ẹ so ó kọ́ sẹ́yìn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù, ẹnu rẹ̀ ní ìsàlẹ̀, kí wọ́n máa fà á jáde láti ẹnu. Màmá ò ní bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọ̀rá ọjà, ìyẹn ọ̀rá ọlọ́wọ́ méjì tẹ́ẹ́rẹ́ tí ọ̀pọ̀ wa ń kó pamọ́ láti fi bọ dọ́síbìn. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2025 ni òfin Ìpínlẹ̀ Èkó ti de ọ̀rá ọjà tí kò nípọn tó 40 máíkírọ́ọ̀nù (ẹgbẹ̀rún máíkírọ́ọ̀nù ló wà nínú mìlímítà kan). Ó dáa, torí irú ọ̀rá bẹ́ẹ̀ ló ń dí kòtò omi. Àmọ́ àwọn tó kéde rẹ̀ kì í ronú kan ẹni tó ń da èèpo nù sínú rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá máa ra ọ̀rá dúdú báyìí, ẹ gbé ọ̀kan sójú oòrùn, kẹ́ ẹ wo inú rẹ̀. Tẹ́ ẹ bá rí ojú abẹ́rẹ́ tó ń tàn, ẹ dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Ẹ tún bu omi ife kan sí igun ìdí rẹ̀, kẹ́ ẹ gbé e dání fún ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ó ń jò.

Egungun ẹja, igi súyà, ìdérí agolo: inú páálí ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dì wọ́n sí. Eérú èédú, ẹ fi omi pa á tán pátápátá. Páálí kan tàbí ìwé ìròyìn bíi mẹ́rin sí ìdí ọ̀rá á fa omi. Tẹ́ ẹ bá ń fi híípò fọ ike, ẹ má dà á mọ́ ọtí kíkan tàbí kẹ́míkà tí wọ́n fi ń fọ ṣáláńgá o, afẹ́fẹ́ burúkú ló máa ń jáde nínú wọn, ó lè pa èèyàn nínú yàrá tí fèrèsé rẹ̀ wà ní títì.

Kí màmá má gbé dọ́síbìn o. Ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin ni kó kún mọ. Kí wọ́n tú rọ́bà, kí wọ́n kó ẹnu ọ̀rá jọ, kí wọ́n tẹ afẹ́fẹ́ rẹ̀ jáde, kí ojú wọn má sì wà lókè ẹnu rẹ̀. Kí wọ́n lọ́ ọ lọ́rùn, kí wọ́n ta á ní kókó nígbà tó ṣì wà nínú ike. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n fi ẹ̀gbẹ́ ike lélẹ̀, kí wọ́n fa ọ̀rá jáde lórí ilẹ̀. Pẹ̀lú ihò mẹ́rin yẹn, á yọ̀ jáde bí iyán tó jinná. Wọ́n lè ti ibẹ̀ wọ́ ọ dé ẹnu ọ̀nà, kí ọmọdé gbé e lọ. Kókó méjì ni kẹ́ ẹ ta tó bá jẹ́ pé àwọn akólẹ̀ ló máa gbé e. Àwọn yẹn, igun kan ni wọ́n máa ń dì mú tí wọ́n á fi jù ú sínú ọkọ̀. Tó bá ya, wọ́n á wọkọ̀ lọ, ẹ̀yin lẹ máa gbá ojú títì.

Ẹ jọ̀ọ́, onípẹ́dà lẹ béèrè. Ẹ ra á tó bá ní garawa nínú tó ń yọ jáde. Garawa yẹn ni kẹ́ ẹ lu ihò sí, ẹ má fọwọ́ kan irin ìta. Tí kò bá ní garawa nínú, ẹ fi owó yín pamọ́. Ẹ fi téèpù yí ẹnu èyí tí màmá ń lò ká lónìí, ẹ kọ iye rẹ̀ àti gíga rẹ̀ síbí, màá bá yín ṣírò ọ̀rá tó bá a mu.