Fọ́múlà nínú sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta péré

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ń ṣe ṣíìtì kan lórí Excel tí mo fẹ́ fi kọ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dara pọ̀ mọ́ wa níbi iṣẹ́. Mo fẹ́ kí wọ́n máa rí fọ́múlà tó wà nínú D8, D9 àti D10, àmọ́ kí gbogbo ìyókù máa gbé èsì jáde bó ṣe yẹ. Mo wá tẹ Show Formulas, ni gbogbo ṣíìtì bá yí padà lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn column fẹ̀, kódà déètì ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 2024 di 45292 mọ́ mi lójú. Ṣé kò sí bí mo ṣe lè mú mẹ́ta yẹn nìkan ni?

ÌDÁHÙN: Àbúrò mi, o ò ṣe àṣìṣe kankan o. Bí wọ́n ṣe ṣe Show Formulas nìyẹn, gbogbo ṣíìtì ló ń mú, kì í ṣa sẹ́ẹ̀lì kan yọ. Tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, gbogbo ẹ̀ á padà bó ṣe wà. Má bẹ̀rù nítorí déètì yẹn náà, kò bàjẹ́, 45292 ni Excel fi ń ka ọjọ́ yẹn nínú ara ẹ̀ látilẹ̀, aṣọ tó wọ̀ fún un ló bọ́ kúrò fúngbà díẹ̀.

Ohun tí màá ní kó o ṣe ni pé kó o fi D8 sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́ ẹ̀ lọ, kó o wá bọ́ sí E8 tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, kó o kọ =FORMULATEXT(D8) síbẹ̀, kó o tẹ Enter. Ká ní =B8*C8 ló wà nínú D8, tí B8 jẹ́ 12, tí C8 jẹ́ 35, D8 á máa gbé 420 jáde, E8 á sì kọ =B8*C8 sílẹ̀ kedere. Di igun ìsàlẹ̀ E8 lápá ọ̀tún mú, wọ́ ọ wálẹ̀ dé E10, ó tán. Láti Excel 2013 ló ti wà níbẹ̀, Google Sheets náà ní in, LibreOffice ní tiẹ̀ ń pè é ní FORMULA.

Mo mọ̀ pé àwọn kan á sọ fún ẹ pé kó o kàn fi àmì ' síwájú =, fọ́múlà á hàn. Òótọ́ ni, á hàn, àmọ́ kò ní ṣírò nǹkan kan mọ́, ọ̀rọ̀ lásán ló dà yẹn, SUM tó wà nísàlẹ̀ tó ń kó D8 dé D10 jọ á sì fò ó kọjá wẹ́rẹ́ láìsọ pé error wà níbì kankan, iye yẹn á kéré, ẹnikẹ́ni ò ní tètè mọ̀. Jọ̀ọ́, má ṣe é nínú sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣiṣẹ́. Tó o bá sì lọ fọwọ́ kọ fọ́múlà yẹn sínú E8 bí àlàyé, lọ́jọ́ tó o bá yí D8 padà, àlàyé yẹn ò ní yí, á wá máa kọ́ àwọn èèyàn ẹ ní nǹkan tí kò sí níbẹ̀ mọ́. FORMULATEXT ń tẹ̀ lé e ni, bó o ṣe yí D8 lòun náà ń yí.

Ó tún kù. Tí E9 bá kọ #N/A, má sáré pa á rẹ́. Lọ wo D9 dáadáa, ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti tẹ nọ́ńbà lé fọ́múlà lórí. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí mi rí, ẹnì kan tẹ 420 lé e, nígbà tá a wá sọ 35 di 40, ó yẹ ká rí 480 àmọ́ 420 ò kúrò lójú kan, a wá a títí kí n tó ronú kan FORMULATEXT, #N/A yẹn ló tú àṣírí ẹ̀. Tí #N/A ò bá dára lójú ẹ, kọ =IFNA(FORMULATEXT(D9),"Kò sí fọ́múlà níbí").

ÌBÉÈRÈ: Ọmọ mi, òdìkejì ni tèmi. Mo tẹ fọ́múlà sínú sẹ́ẹ̀lì kan, mo tẹ Enter, fọ́múlà yẹn náà ló dúró síbẹ̀ tó ń wò mí, mi ò rí èsì. Àwọn tó kù ń ṣiṣẹ́.

ÌDÁHÙN: Ẹ kú iṣẹ́ mà. Nígbà tó jẹ́ pé ẹyọ kan ni, kì í ṣe Show Formulas, ó jọ pé Text ni sẹ́ẹ̀lì yẹn wà kí ẹ tó tẹ nǹkan sínú ẹ̀. Ẹ lọ síbi Number Format lórí Home, ẹ sọ ọ́ di General. Kò ní yí lójú ẹsẹ̀ o, ibi tó ti ń sú ọ̀pọ̀ èèyàn nìyẹn, ẹ gbọ́dọ̀ padà sórí ẹ̀, ẹ tẹ F2, kí ẹ wá tẹ Enter. Tí kò bá tíì gbọ́, ẹ wò ó bóyá àyè òfìfo tàbí àmì ' wà níwájú =, ẹ pa á rẹ́. Tó bá wá jẹ́ pé wọ́n pọ̀, ẹ mú gbogbo wọn pọ̀, ẹ sọ wọ́n di General, ẹ tẹ Ctrl àti H, ẹ ní kó fi = rọ́pò =, gbogbo wọn á jí lẹ́ẹ̀kan náà.