Ẹ Bi Màmá Kubwa: Owó Ọmọ Kò Sí ní Maitama

Ọdún 31 ni mo fi ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì rẹ́jísírà yunifásítì kan lókè Ọya kí n tó fẹ̀yìn tì wá sí Kubwa. Lẹ́tà tó wọlé lóṣù yìí, ọ̀rọ̀ owó ilé-ẹ̀kọ́ ló pọ̀ jù níbẹ̀. Mẹ́ta ni mo mú.

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ o. Iṣẹ́ ríwáyà mọ́tò ni mò ń ṣe ní Nyanya. Ọlọ́run ṣe é, àwọn ìbejì mi méjèèjì wọ yunifásítì lẹ́ẹ̀kan náà, Táíwò ní Gwagwalada, Kẹ́hìndé ní Minna. Ará ṣọ́ọ̀ṣì wa kan sọ pé TETFund, àjọ owó ẹ̀kọ́ ti ìjọba tó wà ní Maitama l'Ábújá, ló ń ran akẹ́kọ̀ọ́ lọ́wọ́, ni mo bá kó fótókọ́pì gbogbo ìwé wọn, mo gba Maitama lọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà lẹ́nu géètì fi sùúrù sọ fún mi pé ibẹ̀ kọ́. Ẹlòmíì tún sọ pé NELFUND, àjọ ìjọba tó ń yá akẹ́kọ̀ọ́ lówó, ni kí n lọ bá, ṣùgbọ́n bí ọmọ ò bá rí i san, bàbá ni wọ́n máa wá mú. Kí ni kí n ṣe? — Bàbá Ìbejì, Nyanya

Bàbá Ìbejì, ẹ kú oríire. Ìbejì méjì wọ yunifásítì lọ́dún kan náà, ó tó ẹ̀wà sè fún gbogbo Nyanya. Ṣùgbọ́n ẹ fi owó ẹ̀wà yẹn pamọ́ ná.

Kì í ṣe ẹ̀yin nìkan lẹ gba Maitama lọ. Orúkọ TETFund ló ń tan ènìyàn, torí ó wà lára ilé káàkiri ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ ìjọba. Lára èrè tí àwọn ilé-iṣẹ́ ń jẹ ni wọ́n ti ń yọ owó rẹ̀. Ọdún 1993 ni wọ́n fi òfin bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nígbà tí ilé-ẹ̀kọ́ kéékèèké náà ṣì wà nínú rẹ̀. Òfin ọdún 2011 ló wá fi mọ sórí yunifásítì, poli àti kọ́lẹ́jì àwọn olùkọ́. Ilé-ẹ̀kọ́ ló ń fún lówó: láti kọ́lé, láti ra ẹ̀rọ, láti rán àwọn lẹ́kítọ́rà lọ kàwé sí i. Kì í san owó ilé-ẹ̀kọ́ fún ọmọ ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ọmọ ọba.

NELFUND ni tiyín. Owó yíyá ni, kì í ṣe ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n kò ní èlé. Ó jọ pé òfin àtijọ́ ló ń da ẹni tó dẹ́rù bà yín láàmú. Òfin tí Ààrẹ Tinubu kọ́kọ́ buwọ́ lù ní oṣù kẹfà ọdún 2023 le bí ojú ẹja. Ó ní owó tó ń wọlé fún ìdílé ò gbọdọ̀ tó ₦500,000 lọ́dún, ó ní kí ọmọ wá onídùúró méjì, ọ̀gá ìjọba tàbí lọ́yà àgbà. Níbo ni ọmọ oníríwáyà ti fẹ́ rí lọ́yà àgbà? Bí bàbá bá ti yáwó rí tí kò san, wọn ò ní í fún ọmọ. Àríwo pọ̀, ni wọ́n bá fa òfin yẹn ya, wọ́n sì gbé òmíràn jáde ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Onídùúró kúrò níbẹ̀, òṣùwọ̀n owó tó ń wọlé fún ìdílé náà kúrò. Ọmọ fúnra rẹ̀ ló jẹ gbèsè, ẹ̀yin kọ́.

Sísan rẹ̀ ńkọ́? Ó di ọdún méjì lẹ́yìn tí ọmọ bá sin ìlú tán. Bó bá ti níṣẹ́ lọ́wọ́, wọn á máa yọ ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún owó oṣù rẹ̀. Bí kò bá tíì ríṣẹ́, á lọ búra sí ìwé ní kọ́ọ̀tù, wọn á sì fún un láyè sí i. Kí Ọlọ́run má jẹ́ ká fọmọ sin, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé ẹ máa bi mí léèrè: bí ẹni tó yá a bá kú, gbèsè náà bá a lọ.

Mo rántí ìgbìmọ̀ owó yíyá tí ìjọba gbé kalẹ̀ lọ́dún 1972. Àwọn ẹ̀gbọ́n mi yá a, wọ́n fi kàwé, wọ́n sì gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Bóyá ìdí rèé tí ti ìsinsìnyí fi ń gba NIN àti BVN kó tó yá ẹnikẹ́ni lówó. Àwa la ba ọ̀nà jẹ́ fún àwọn ọmọ wa.

Ibi tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ ti la etí dáadáa rèé, torí ibẹ̀ ni mo ti rí omijé jù. Orúkọ! Orúkọ inú NIN, ti JAMB, ti báńkì àti ti ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ jọra, lẹ́tà sí lẹ́tà. Àwọn ọmọ yín tún wá jẹ́ ìbejì: ọjọ́ ìbí kan náà, orúkọ bàbá kan náà. Bí ẹni tó kọ NIN bá kọ Taiye, tí JAMB sì kọ Taiwo, ẹ̀rọ ò mọ̀ pé Táyé náà ni Táíwò. Ọdún tí mo wà ní rẹ́jísírì, ìbejì méjì kan pààrọ̀ fáìlì fún sáà kan gbáko, ọ̀kan ń gba èsì èkejì. Ẹ tẹ́ gbogbo ìwé wọn sórí tábìlì lálẹ́ òní, kẹ́ ẹ kà wọ́n sókè fún ìyá wọn. Èyí tó bá yàtọ̀, ẹ tún un ṣe kí wọ́n tó fọwọ́ kan fọ́ọ̀mù.

Ẹnì kọ̀ọ̀kan ni yóò bèèrè tirẹ̀ lórí ìkànnì NELFUND. Ṣùgbọ́n ilé-ẹ̀kọ́ gbọ́dọ̀ ti fi orúkọ ọmọ ránṣẹ́ sí NELFUND kí ìkànnì tó dá a mọ̀. Nítorí náà, iṣẹ́ yín wà ní Gwagwalada àti Minna, kò sí ní Maitama. Kí ọmọ wá ẹni tó ń bójú tó NELFUND níbẹ̀, kó béèrè ní gbangba pé, "Ṣé orúkọ mi ti lọ?"

Owó ilé-ẹ̀kọ́ fúnra rẹ̀ kò ní í gba ọwọ́ yín kọjá. Àpò ilé-ẹ̀kọ́ ló ń lọ tààrà. Owó oúnjẹ, ₦20,000 lóṣù, ló ń bọ́ sí báńkì ọmọ, bó bá bèèrè fún un. Ẹ̀yin náà mọ iye tí múdù gàrí kan jẹ́, kí wọ́n má fi gbogbo ẹ̀mí lé e. Ẹ sì ṣọ́ra o: ọmọ ẹ̀gbọ́n mi kan, bàbá rẹ̀ ti jẹ gbèsè san owó tán kí ti NELFUND tó dé. Ilé-ẹ̀kọ́ yẹn, n kò ní dárúkọ rẹ̀, gba méjèèjì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún kan kí wọ́n tó dá ọ̀kan padà, rìsíìtì tí bàbá rẹ̀ fi pamọ́ ló sì gbà á. Ẹ má ju rìsíìtì nù.

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, Mà. Lẹ́kítọ́rà ni mí ní poli kan ní Bida, mo sì ń ṣe PhD lórí bí àwọn obìnrin etí odò Kàdúná ṣe ń yan ẹja. Owó oṣù mi ni mò ń ná sí i, mo sì ti fẹ́ dákú. Ta ló ń ran olùwádìí lọ́wọ́? — Aya Pásítọ̀, Bida

Ọmọ mi, ìwọ gan-an ni TETFund wà fún, ìwọ tí o kò lọ síbẹ̀! Owó ìwádìí wà tó ń gba ilé-ẹ̀kọ́ rẹ wọlé, ìgbìmọ̀ ìwádìí poli yín ló ń yẹ ìwé wò kí wọ́n tó fi ránṣẹ́. Òmíràn wà tí gbogbo Nàìjíríà ń du, ìyẹn le ju ti ilé lọ. Wọ́n tún ń san owó PhD fún lẹ́kítọ́rà tí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ bá fa orúkọ rẹ̀ kalẹ̀, ṣùgbọ́n wàá fọwọ́ síwèé pé wàá padà wá ṣiṣẹ́. Lọ bá ẹni tó ń bójú tó TETFund ní poli yín. Bó bá ní kó o padà wá lọ́la, padà lọ lọ́la lóòótọ́.

Ti òkè òkun, èyí tó bá ọ mu jù ni Split-site ti àwọn Commonwealth Scholarship: ilé lo ti forúkọ sílẹ̀ fún PhD, wọn á gbé ọ lọ sí yunifásítì kan ní ìlú òyìnbó fún ọdún kan ó pẹ́ tán, o sì padà wá parí nílé. TWAS, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì fún àwọn orílẹ̀-èdè tó ń gòkè àgbà, náà wà ní Trieste ní Ítálì, tí Abdus Salam, onífísíìsì ará Pakistan, dá sílẹ̀ lọ́dún 1983. Orílẹ̀-èdè bíi tiwa ni wọ́n máa ń rán ènìyàn lọ. Wo ti ọjọ́ orí kó o tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ohunkóhun.

Bó bá sì di ọ̀rọ̀ kíkọ àpilẹ̀kọ, lọ sórí AuthorAID, ètò orí íńtánẹ́ẹ̀tì fún àwọn olùwádìí, o lè rí àgbà olùwádìí kan níbẹ̀ tí yóò máa ka iṣẹ́ rẹ, lọ́fẹ̀ẹ́. Àwọn jọ́nà tó ń fi ímeèlì ránṣẹ́ pé àwọn á tẹ iṣẹ́ rẹ jáde láàárín ọjọ́ mẹ́ta, sá fún wọn.

Àti pé, nígbà tó o bá ń kọ ìwé ìbéèrè owó, má fi kẹ́míkà bẹ̀rẹ̀. Fi èéfín tó ń wọ ojú àwọn obìnrin yẹn bẹ̀rẹ̀.

Màmá, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní káfè ní òun á bá ọmọ mi gba NELFUND, kí n mú ₦15,000 wá. Ṣé kí n san? — Ìyá Ṣadé, Lugbe

Rárá. Ọ̀fẹ́ ni. Bó bá jẹ́ owó títẹ̀ ẹ́ lórí kọ̀ǹpútà àti dátà ló gbà, ìyẹn yé mi. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí Ṣadé kọ nọ́ńbà BVN rẹ̀ sílẹ̀ fún òun kó máa lọ, ẹ gba ìwé yín lọ́wọ́ rẹ̀ kẹ́ ẹ máa bọ̀ wálé. Ní Sátidé, mo máa wà lẹ́yìn ìsìn nínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Kubwa láti aago 10. Kí Ṣadé mú fóònù rẹ̀ àti ìwé JAMB rẹ̀ wá. Bàbá Ìbejì, ẹ̀yin náà ẹ kó àwọn ọmọ yẹn wá, pẹ̀lú gbogbo fótókọ́pì tó lọ sí Maitama.