Kí ló dé tí wọ́n fi ní ká dúró kí ìtọ́jú onítànṣán tó bẹ̀rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Màmá mi jẹ́ ẹni ọdún 58, àwọn dókítà sì ti rí i pé àrùn jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ ló ń bá wọn fínra. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àwọn òṣìṣẹ́ ilé ìwòsàn fún màmá ní omi mu, wọ́n ní kí wọ́n má tíì tọ̀, wọ́n ya àwòrán ìbàdí wọn nínú ẹ̀rọ CT tó ń ya inú ara ní ìpele ìpele, wọ́n sì fi yíǹkì sàmì sí wọn lára níbi mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ni wọ́n ní ká máa lọ sílé, ká padà wá lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́wàá. Ẹ̀rọ ìtọ́jú wà níbẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́, àwọn aláìsàn mìíràn ń wọlé, wọ́n ń jáde. Ẹ̀gbọ́n mi ní owó ẹ̀yìn ni wọ́n ń retí. Ṣé ó yẹ kí ẹni tí jẹjẹrẹ ń bá jà máa dúró báyìí? Ṣé wọn ò lè fi ètò tí wọ́n lò fún ẹlòmíì tó ní irú àìsàn kan náà bẹ̀rẹ̀ tiwọn? Màmá sì fẹ́ fi kànìnkàn fọ àmì náà kúrò kí wọ́n tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Ṣé kò léwu?

Ìdáhùn: Ẹ kú àníyàn màmá, Ọlọ́run yóò fún wọn ní àlàáfíà. Onímọ̀ físíìsì ni mí ní ẹ̀ka ìtọ́jú onítànṣán (radiotherapy), níbi tí a ti ń fi ìtànṣán pa sẹ́ẹ̀lì jẹjẹrẹ, irú ìṣirò tí wọ́n ń ṣe lórí àwòrán màmá yín lọ́wọ́lọ́wọ́ yìí gan-an sì ni iṣẹ́ òòjọ́ mi. Kí n kọ́kọ́ dáhùn èyí tí kò gbọdọ̀ dúró: ẹ jọ̀wọ́, kí màmá má fọ àmì náà kúrò rárá. Kí wọ́n wẹ̀ bí wọ́n ti ń wẹ̀, ṣùgbọ́n kí kànìnkàn má kan ibẹ̀, kí wọ́n má sì fi ìpara kún un. Bí ó bá ń parẹ́, kí ẹ̀yin má fi bírò tún un kọ nílé. Ẹ pe ilé ìwòsàn. Ní ti ọjọ́ mẹ́wàá, ẹ̀rọ tó ṣófo kọ́ là ń dúró dè. Iṣẹ́ tí wọ́n ń ṣe láàrin ọjọ́ wọ̀nyẹn jẹ́ ara ìtọ́jú náà, ní tèmi òun gan-an ló sì le jù nínú gbogbo rẹ̀, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé aláìsàn kì í rí i.

Àwòrán CT tí wọ́n yà yẹn kì í ṣe àwòrán lásán, nọ́ńbà ni. Ojú kékeré kọ̀ọ̀kan inú rẹ̀ ní nọ́ńbà tirẹ̀, lórí òṣùwọ̀n tí wọ́n fi orúkọ Godfrey Hounsfield pè, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ṣe ẹ̀rọ CT tí wọ́n kọ́kọ́ lò fún aláìsàn ní ìlú London ní ọdún 1971. Lórí òṣùwọ̀n náà, omi jẹ́ 0, afẹ́fẹ́ jẹ́ -1000, egungun líle sì máa ń gòkè dé bíi 1000. Láti inú nọ́ńbà wọ̀nyí la ti ń mọ iye ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù, ìyẹn èérún tíntìntín tó wà nínú gbogbo nǹkan, tó wà níbi kọ̀ọ̀kan nínú ara màmá, torí pé ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù ni ìtànṣán máa bá pàdé nígbà tó bá wọlé.

Dókítà onímọ̀ jẹjẹrẹ á wá jókòó ti àwòrán náà, á máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ fa ìlà yí kókó jẹjẹrẹ náà ká, yí ilé-ọmọ ká, yí àwọn ẹ̀yà ara kéékèèké tó ń sẹ́ omi-ara (lymph node), tí àrùn lè ti yọ́ dé, ká. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò tún fa ìlà yí àwọn ohun tí a fẹ́ dá sí: àpò ìtọ̀, ìpẹ̀kun ìfun ńlá, ìfun kékeré, egungun itan. Àwòrán tí wọ́n gé ní mìlímítà mẹ́ta mẹ́ta lórí ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 30 jẹ́ ewé 100, lórí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ló sì ti ní láti fa ìlà yìí. Ibẹ̀ ni omi tí màmá mu ti wúlò. Nígbà tí àpò ìtọ̀ bá kún, ó máa ń ti ìfun kékeré sókè kúrò lójú ọ̀nà ìtànṣán. Nítorí náà, bí màmá bá wá fún ìtọ́jú lọ́jọ́ kan láìmu omi, ìfun á sọ̀ kalẹ̀ wá síbi tí ìṣirò wa kò retí rẹ̀, ìtànṣán á sì bá a níbẹ̀. Iye omi tí wọ́n mu lọ́jọ́ tí wọ́n ya àwòrán ni kí wọ́n máa mu lójoojúmọ́, kí wọ́n sì dúró fún ìwọ̀n àkókò kan náà kí wọ́n tó wọlé.

Ẹ bi mí bóyá a lè lo ètò ẹlòmíì. Kò ṣeé ṣe, ìdí rẹ̀ sì wà nínú bí ìtànṣán ṣe ń rìn nínú ara. Ní ọdún 1923, Arthur Compton ní Amẹ́ríkà fi hàn pé tí ìtànṣán X bá kọlu ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù, ó máa ń fún un ní apá kan agbára rẹ̀, á sì yà sí ọ̀nà mìíràn. Nígbà tó di 1929, Oskar Klein, ọmọ Sweden, àti Yoshio Nishina, ọmọ Japan, tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Copenhagen, gbé ìlànà ìṣirò jáde tó sọ bí ó ti ṣeé ṣe tó pé kí ìtànṣán náà yà sí igun báyìí tàbí igun tọ̀hún. Wọn kò ro ti aláìsàn kankan; ohun tí wọ́n ń wá ni bí ìmọ́lẹ̀ àti ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù ṣe ń bá ara wọn lò. Síbẹ̀, ìlànà yẹn kan náà ni à ń lò títí dòní fún ìbàdí màmá yín, nítorí pé ní ìwọ̀n agbára tí ẹ̀rọ ìtọ́jú ń lò, ìkọlù irú èyí ló pọ̀ jù nínú ẹran ara.

Ohun tó ń tẹ̀yìn rẹ̀ wá ni pé ìtànṣán kì í ba awọ ara jẹ́ tó bí ọ̀pọ̀ èèyàn ṣe ń bẹ̀rù. Ìtànṣán ẹ̀rọ 6 MV (ìyẹn mílíọ̀nù fóltì mẹ́fà) kì í dé góńgó agbára rẹ̀ àyàfi tó bá ti wọlé tó sẹ̀ǹtímítà 1.5; láti ibẹ̀ lọ ni yóò máa dín kù ní nǹkan bí ìdá mẹ́ta sí mẹ́rin nínú ọgọ́rùn-ún ní sẹ̀ǹtímítà kọ̀ọ̀kan. Ẹ wá wò ó: bí obìnrin méjì bá ní àrùn kan náà, tí ara ọ̀kan fi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta péré nípọn ju ti èkejì lọ lójú ọ̀nà ìtànṣán, ohun tó máa dé ibi àrùn ti dín ní nǹkan bí ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún. Ìlànà àgbáyé sì ní kí ohun tó dé ibi àrùn má yàtọ̀ sí èyí tí dókítà kọ ju ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lọ. Ètò tó wo ẹnì kan sàn lè ṣe ẹlòmíì ní jàǹbá, ó sì lè fi jẹjẹrẹ sílẹ̀ láàyè.

A mọ òfin tí ìtànṣán ń tẹ̀ lé, a sì lè kọ ọ́ sílẹ̀ bí ìdọ́gba (equation). Ìṣòro ibẹ̀ ni pé kò sí ẹni tó lè fi ìwé àti bírò yanjú ìdọ́gba náà fún ara ènìyàn, torí pé ara kì í ṣe àpótí omi: egungun wà níbì kan, gáàsì inú ìfun wà níbòmíràn, ọ̀rá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìmọ̀ ìṣirò orí kọ̀ǹpútà ló gbà wá níbẹ̀. A ó gé ìbàdí náà sí ègé kéékèèké bí àpótí, ká ní mìlímítà 2.5 ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ìbàdí tó fẹ̀ ní sẹ̀ǹtímítà 40, tó nípọn ní 25, tó sì gùn ní 30, á di ègé 1,920,000. Ẹni tó bá fẹ́ kó túbọ̀ ṣe kedere, tó gé e sí ìdajì ìwọ̀n yẹn, ti sọ iṣẹ́ di ìlọ́po mẹ́jọ.

Ọ̀nà kan tí a ń gbà ṣe ìṣirò inú àwọn ègé wọ̀nyí ni pé kí kọ̀ǹpútà máa rán ìtànṣán wọlé lọ́kọ̀ọ̀kan, kó máa ṣẹ́ kèké lórí olúkúlùkù: ibo ni yóò ti kọlu ẹlẹ́ktírọ́ọ̀nù, igun wo ni yóò yà sí, iye agbára wo ni yóò fi sílẹ̀? Ìlànà Klein àti Nishina ló ń sọ bí kèké náà ṣe gbọ́dọ̀ wúwo síhà kọ̀ọ̀kan. Stanislaw Ulam, onímọ̀ ìṣirò, ni èrò náà kọ́kọ́ sọ sí lọ́kàn ní 1946, nígbà tí ara rẹ̀ ń yá lẹ́yìn àìsàn, tó ń ta káàdì, tó sì ń ṣe kàyéfì nípa bí ó ti ṣeé ṣe tó pé kí káàdì náà jáde dáadáa. Òun àti John von Neumann, onímọ̀ ìṣirò bíi tirẹ̀, fi í ṣiṣẹ́ ní Los Alamos ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe bọ́ǹbù átọ́ọ̀mù, wọ́n sì sọ ọ́ ní Monte Carlo, orúkọ ibi tí wọ́n ti ń ta tẹ́tẹ́. Inú mi máa ń dùn pé ìmọ̀ tí wọ́n fi ṣe ohun ìparun wá di èyí tí a fi ń dá ẹ̀mí ìyá sí. Ṣùgbọ́n kò yá bí ọ̀rọ̀ ẹnu. Bí àṣìṣe bá jẹ́ ìdá méjì nínú ọgọ́rùn-ún lẹ́yìn ìtànṣán mílíọ̀nù 10, mílíọ̀nù 40 la máa nílò kó tó di ìdá kan. Àwọn ọ̀nà mìíràn wà tó ń yanjú ìdọ́gba náà tààrà láìṣẹ́ kèké, èyí tó yá jù. Ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan ní èyí tó ń lò.

Gbogbo èyí, ẹyọ ètò kan péré la fi ṣírò. Bẹ́ẹ̀ sì ni kọ̀ǹpútà gbọ́dọ̀ gbé ọ̀pọ̀lọpọ̀ igun àti ìrísí ìtànṣán yẹ̀ wò, kó tó rí èyí tó fún ibi àrùn ní ohun tó yẹ, tó sì dín ti ìfun àti àpò ìtọ̀ kù. Èyí tó dára láìkù síbì kan kò sí. Bí a bá ní ká dá àpò ìtọ̀ sí pátápátá, etí kókó náà lè má rí ìtànṣán tó. Kọ̀ǹpútà kò mọ èyí tó sàn nínú méjèèjì, kò sì yẹ ká fi ìpinnu náà lé e lọ́wọ́. Dókítà tó ti fọwọ́ kan aláìsàn, tó sì mọ ohun tó ti ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó tọ́jú ṣáájú, ló ń yàn, ó sì lè dá ètò padà fún wa lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta.

Iye ìtànṣán tí dókítà ń kọ pàápàá, ara àwọn aláìsàn tí wọ́n ti tọ́jú ṣáájú la ti kọ́ ọ, kì í ṣe inú ìdọ́gba. Fún irú àrùn màmá, wọ́n sábà máa ń fún ni ní gray 45 láti ìta, tí wọ́n pín sí ìgbà 25, ọjọ́ márùn-ún lọ́sẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún. Gray kan jẹ́ agbára joule kan nínú kílò ẹran ara kan. Agbára gray 45 ní àpapọ̀ kò tó láti mú omi gbóná ju nǹkan bí ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún dígírì kan lọ, nítorí náà ìtànṣán kì í se ẹran ara. DNA inú sẹ́ẹ̀lì ló ń gé. Sẹ́ẹ̀lì tó dá pé á tún ara rẹ̀ ṣe láàrin wákàtí mélòó kan, ti jẹjẹrẹ kò mọ̀ ọ́n tún ṣe tó bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí a fi ń pín in. Lẹ́yìn èyí, wọ́n á gbé orísun ìtànṣán kékeré sún mọ́ ọrùn ilé-ọmọ láti inú, kí àpapọ̀ rẹ̀ lè tó bíi gray 80 sí 90 níbi àrùn, èyí tí ìfun kò lè fara dà bó bá jẹ́ láti ìta ni. Láti 1999 tí ìwádìí márùn-ún ti fi hàn pé oògùn cisplatin tí wọ́n ń lò pẹ̀lú ìtànṣán ń mú kí àwọn obìnrin pẹ́ láyé sí i, ó ti di ara ìtọ́jú náà.

Kí màmá tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ẹ̀rọ, onímọ̀ físíìsì kejì á yẹ ìṣirò náà wò, wọ́n á sì tan ìtànṣán náà sára ohun èlò ìdíwọ̀n tó dúró bí ara ènìyàn, kí wọ́n lè rí i pé ohun tí ẹ̀rọ ń ṣe bá ohun tí kọ̀ǹpútà sọ mu. Alẹ́ ni wọ́n sábà máa ń ṣe èyí, nígbà tí àwọn aláìsàn bá ti lọ tán. Ọjọ́ mẹ́wàá kò pọ̀ jù fún gbogbo èyí. Bí ó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ lọ béèrè ibi tí ètò dé. Ẹ̀tọ́ yín ni. Owó tí ẹnikẹ́ni bá sì béèrè láìsí rìsíìtì, ẹ má san án, ẹ lọ bá ọ̀gá ẹ̀ka náà.

Ní báyìí, kí màmá jẹun dáadáa, torí bí wọ́n bá rù gan-an, ara ti yàtọ̀ sí èyí tí a ṣírò, a sì lè ní láti tún un ṣe. Nígbà tí ìtọ́jú bá bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n má pa ọjọ́ kankan jẹ: láti ọjọ́ àkọ́kọ́ dé ìparí ti inú, kò yẹ kó ju ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ lọ, nítorí pé sẹ́ẹ̀lì tó ṣẹ́ kù máa ń pọ̀ sí i láàrin ọjọ́ tí a bá fi ṣòfò. Ẹ ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò owó ọkọ̀ tàbí ibùgbé nítòsí láti ìsinsìnyí. Bí ẹ̀jẹ̀ bá sì ń dà lára wọn gidigidi kí ọjọ́ tó pé, ẹ má dúró de ọjọ́ ìpè. Ẹ gbé wọn lọ lọ́jọ́ náà gan-an, torí pé dókítà lè fi báńdéèjì dí ojú ara wọn, ó sì lè fún wọn ní ìtànṣán ìgbà díẹ̀ láti dá ẹ̀jẹ̀ dúró kí ètò ńlá náà tó parí.