Kí Ni Ìtumọ̀ Ọwọ́ Tí Àwọn Oníjàkadì Cornwall Ń Bọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé tí àwọn oníjàkadì Cornwall ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi ń bọ ara wọn lọ́wọ́ kí wọ́n tó wọ̀yá ìjà? Ẹnìkan ní wọ́n fi ń wò ó bóyá ẹnìkejì fi ọ̀bẹ tàbí oògùn pamọ́ sọ́wọ́ ni.

Ìdáhùn: Àbúrò, ta ló ń sọ irú ọ̀rọ̀ báyìí káàkiri? Ó bí mi nínú, nítorí ó ti pẹ́ tí mo ti ń ka ìtàn ìjàkadì ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ ò sí níbẹ̀ rárá. Richard Carew, ọmọ bíbí Cornwall, ti kọ ọ́ sínú ìwé tó tẹ̀ jáde ní 1602: àwọn méjèèjì á bọ́ aṣọ àwọ̀lékè sílẹ̀, wọ́n á tú okùn tó di aṣọ mọ́ wọn lára kí apá àti ẹsẹ̀ lè rọ̀, wọ́n á bọ ọwọ́ ní àmì ọ̀rẹ́, ìgbà náà ni ìjà á tó bẹ̀rẹ̀. Àmì ọ̀rẹ́, ó kọ ọ́ kedere!

Ní tèmi, ẹ̀jẹ́ ni ọwọ́ yẹn. Wo òfin tí Carew tò sílẹ̀. Wọn ò gbọdọ̀ di èèyàn mú nísàlẹ̀ ìgbànú. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n á gbá ara wọn mú kí a tó mọ ọ̀gá. Ẹni tí ẹ̀yìn rẹ̀ bá kanlẹ̀, tàbí èjìká rẹ̀ kan pẹ̀lú gìgísẹ̀ rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ kejì, ó ti ṣubú nìyẹn. Ẹni tó sì dá ẹnìkejì gbọ́dọ̀ dúró de ẹni tó kàn. Nígbà tí ara bá ti gbóná, kí ló máa mú èèyàn pa gbogbo èyí mọ́ bí kò ṣe ohun tó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ jẹ́jẹ̀ẹ́ lójú agbo? Ìbúra tí wọ́n ń ṣe lóde òní là á mọ́lẹ̀: wọ́n á fi iyì ara wọn àti ti ilẹ̀ wọn búra pé àwọn ò ní dalẹ̀, àwọn ò ní hùwà ìkà, ọwọ́ tí wọ́n nà sí alátakò sì ni ẹ̀rí rẹ̀.

Ibi tí ẹnu ò bá ti kò lórí òfin, ọwọ́ bíbọ̀ ò ràn án. Ní 1826, Polkinghorne ti Cornwall pàdé Abraham Cann ti Devon, agbègbè tó bá Cornwall pààlà, ní Devonport. Àwọn ará Devon a máa fi bàtà líle ta ojúgun ẹni. Cornwall ò gba ìyẹn. Àríyànjiyàn ni ìjà náà parí sí.

Ó dùn mí pé àwọn ọmọ wa, títí kan àwọn tí a bí sí London, rò pé ẹ̀ṣẹ́ nìkan ni Gẹ̀ẹ́sì mọ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń ki Ọ̀fà pé “ìjàkadì lorò Ọ̀fà”, ẹ ò ṣe béèrè? Ẹ̀ṣẹ́ gan-an ní ìjàkadì nínú. Òfin ẹ̀ṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní òfin Broughton, ti 1743, gbà kí èèyàn di ẹnìkejì mú lókè ìbàdí kó sì gbé e ṣánlẹ̀. Òfin ẹ̀ṣẹ́ mìíràn, òfin Queensberry ti 1867, ló fòpin sí i. Kó tó dìgbà yẹn, abẹ̀ṣẹ́kùbíòjò tí ò mọ ìjàkadì, ilẹ̀ ni wọ́n á máa gbé e ṣán.